Ẹ̀dọ̀fóró ló ń to ètò orin: ohun tí oboe fojú mi rí

Ẹ bá mi wá straw kan, èyí tó tín-ín-rín jù lọ tí ẹ lè rí nílé. Ẹ mí sínú kí àyà yín kún dáadáa, kí ẹ wá máa fẹ́ èémí yẹn jáde láti inú straw náà, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró. Ẹ máa wo aago. Kó tó pẹ́ púpọ̀, ara yín á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun fẹ́ mí.

Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan kan: afẹ́fẹ́ ò tíì tán nínú yín o. Ó ṣì kù rẹpẹtẹ. Ohun tí ara ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí èyí tó wà nínú jáde ná, kí òmíràn tó wọlé. Ẹni tó ń fọn oboe, ohun tójú ẹ̀ ń rí nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀ orin dópin. Òun náà ló ba ètò orin tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tò ní oṣù February jẹ́, òun sì ni mo fẹ́ sọ lónìí: bí èèyàn méjì, ọ̀kan pẹ̀lú oboe, ọ̀kan nídìí píánò, ṣe ń pinnu orin tó máa ṣáájú àti èyí tó máa gbẹ̀yìn.

Kí n tó lọ jìnnà, mo máa fi sípẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì kọ oboe jálẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò ní sípẹ́lì Yorùbá, ẹ á rí i pé kò ṣeé kà sókè níwájú ìyá yín.

Fèrè onígi ni oboe, gígùn ẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 65. Igi dúdú tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, Dalbergia melanoxylon, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń wá, pàápàá Tanzania àti Mozambique. Lókè orí ẹ̀ ni ríìdì wà: abala tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n gé lára Arundo donax, ewéko kan tó jọ esùsú, tí wọ́n wá fi òwú dè pọ̀ mọ́ páìpù kékeré kan. Àlàfo tó wà láàárín abala méjèèjì ni gbogbo afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, àlàfo yẹn ò sì ju ihò kékeré tí ẹ lè fi etí bébà dí lọ. Ẹni tó bá ti rí àwọn Hausa tó ń fọn algaita láàfin ti rí ẹbí oboe: ríìdì alábala méjì lòun náà ń lò. Àmọ́ àwọn tó ń fọn algaita ní ọgbọ́n kan. Wọ́n á kó afẹ́fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí á fi wú bí bọ́ọ̀lù, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í jáde ni wọ́n á máa fi imú mí sínú, orin ò sì ní já. Àwọn oníoboe kan náà mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò gbára lé e. Ibi tí orin bá ti sinmi ni wọ́n ti ń mí.

Ibi tí sáyẹ́ǹsì ti wọlé rèé. A máa ń rò pé àìtó ọ́síjìn ló ń mú ká fẹ́ mí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun. Carbon dioxide ni ọpọlọ ń ṣọ́. Bó bá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á ní, “Ó tó, tú u dànù.” Ẹni tó ń fọn fèrè lásán (flute ni mò ń wí), afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń lò, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ á tètè ṣófo, á sì kàn mí sínú. Ní ti oboe, ẹ máa fi agbára tì í gan-an, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń jáde. Bí ìlà orin kan bá fi máa parí, àyà ṣì kún, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ti di èyí tí kò wúlò mọ́. Ẹ ò lè mí sínú lórí àyà tó kún. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí síta, kí ẹ tó mí sínú. Iṣẹ́ méjì níbi tí akọrin ń ṣe ọ̀kan. Orin tí kò bá fún èèyàn láyè fún iṣẹ́ méjèèjì, gbèsè ni, gbèsè náà á sì máa pọ̀ sí i láti ìlà dé ìlà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn wa.

London ni wọ́n bí ọ̀rẹ́ mi yìí sí. Yorùbá ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi, “Bọ̀dá mi” ni mo máa ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọdún kan péré ni mo fi jù ú lọ. Físíìsì lèmi ń kà, iṣẹ́ ìwádìí mi sì dá lórí ìró. Píánò ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi dàgbà. Orin lòun ń kà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ó pè mí: “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lu píánò.” Bàbá òyìnbó tó kọ́ ọ ní oboe láti ọmọ ọdún 10 ti kú. Ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò bàbá náà sì ti gbà kó wá ṣe eré orin ọ̀sán kan ní June láti fi rántí ẹ̀, ìṣẹ́jú 50. Irú eré ọ̀sán bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú òyìnbó níbí. Àwọn èèyàn á gbé búrẹ́dì wọn wá, wọ́n á jókòó gbọ́ orin, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Orin kan wà tó ní òun ò ní gbà kí a yọ: sonata tí Francis Poulenc kọ fún oboe àti píánò ní 1962. Poulenc kọ ọ́ láti fi rántí Sergei Prokofiev, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó kú ní 1953. Apá mẹ́ta ló ní: Élégie, Scherzo, Déploration. Sonata púpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kó rọra láàárín, kó sì sáré parí. Poulenc yí i padà: jẹ́jẹ́, kíákíá, jẹ́jẹ́. Ìdárò ni apá tó gbẹ̀yìn, ó sì parí bí ìgbà tí ẹnì kan bá rọra jáde nínú yàrá láìti ilẹ̀kùn. Poulenc fúnra ẹ̀ kú ní January 1963, kò gbọ́ ọ níwájú èrò. Pierre Pierlot àti Jacques Février ló kọ́kọ́ ṣe é ní Strasbourg ní June ọdún yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kó jẹ́ Déploration yẹn ni ohun tí àwọn èèyàn máa gbọ́ kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo to ètò àkọ́kọ́. Mo ṣí Excel, mo kọ orúkọ orin àti ọdún, mo ní kó tò wọ́n láti èyí tó pẹ́ jù. Three Romances ti Robert Schumann, 1849. Sonata ti Camille Saint-Saëns, 1921. Six Metamorphoses after Ovid ti Benjamin Britten, 1951. Poulenc, 1962. Ó mọ́ lójú, ó lọ geerege, ó tún bọ́ sí Poulenc níparí. Inú mi dùn sí ara mi. Nígbà tí mo ro ìṣẹ́jú wọn pọ̀, bíi 12, 12, 14 àti 14, ó fún mi ní 52, ṣọ́ọ̀ṣì sì fún wa ní 50. Ẹ má rẹ́rìn-ín, físíìsì ni mò ń kà lóòótọ́. Mo ní a máa sáré díẹ̀.

A lọ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà ní February, níwájú ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ bíi 12. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ooru fún iṣẹ́ ìwádìí mi wà nínú báàgì, ó kà 14°C.

Schumann la fi bẹ̀rẹ̀. Lójú ìwé, orin yẹn ò le. Ìka ò sáré, ohùn ò ga jù. Ṣùgbọ́n onípíánò ni Schumann, ó sì kọ ìlà oboe bíi pé ẹni tó máa fọn ọ́n ò ní imú. Oboe àti píánò jọ ń lọ ni, ìsinmi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó kọ ọ́ ní December 1849, ó sì fún Clara ìyàwó ẹ̀ ní ẹ̀bùn Kérésìmesì. Ẹ̀bùn dáadáa ni fún Clara, torí òun náà onípíánò ni. Nígbà tí a fi máa dé ìdajì Romance kejì, ojú ọ̀rẹ́ mi ti pọ́n. Ní Saint-Saëns, ó rí ara gbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Britten, èyí tí kò ní píánò rárá, oboe nìkan ṣoṣo. Èmi ká ọwọ́ mi sórí itan, mò ń sinmi, nígbà tí ẹni tí ìsinmi tọ́ sí gan-an ń fọn oboe fún bí ìṣẹ́jú 14. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ fura pé nǹkan kan ò dáa nínú Excel mi. Mo ya àyè sọ́tọ̀ fún ọdún, fún ìṣẹ́jú, fún orúkọ. Mi ò ya àyè kankan sọ́tọ̀ fún ẹnu ọmọ ọlọ́mọ.

Poulenc wá dé. Élégie lọ. Scherzo lọ, ariwo ẹ̀ tiẹ̀ bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó kan Déploration, tó yẹ kó rọra fọn ohùn kan jáde, fíì lásán ló jáde, afẹ́fẹ́ láìsí ohùn. Ó tún gbìyànjú. Ó parí orin náà ṣá, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti wá sọ pé, “Bọ̀dá mi, mi ò lè ṣe báyìí fún un ní June.”

Kí ló dé tó fi jẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ sá lọ, tí ohùn ńlá ṣì ń jáde? Mo lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ìbéèrè yìí dípò iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún mi láti ṣe. Ríìdì kì í bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n títí agbára afẹ́fẹ́ ẹnu á fi dé ìwọ̀n kan. Bó bá dín sí i, afẹ́fẹ́ á kàn gba àlàfo yẹn kọjá, kò ní sí ohùn. Bó bá kọjá ibẹ̀ dáadáa, ohùn á jáde gbàǹgbà. Ohùn jẹ́jẹ́ wá ń gbé ní ẹnu ààlà yẹn gan-an, díẹ̀ báyìí lókè ibi tí ríìdì ti ń dákẹ́. Ètè ló ń dì í mú níbẹ̀. Ẹni tó ń fọn oboe máa ń ká ètè sórí eyín, iṣan tó yí ẹnu ká á wá di ríìdì mú bí okùn àpò. Àwọn iṣan yìí kéré, wọn ò sì lè sinmi nígbà tí orin bá ń lọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti rẹ̀, èèyàn ṣì lè fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i kí ohùn ńlá jáde, ṣùgbọ́n kò ní lè dúró sẹ́nu ààlà mọ́. Nítorí náà orin tó le jù nínú ètò oboe lè má jẹ́ èyí tí ìka ti ń sáré jù. Ó lè jẹ́ èyí tó dákẹ́ jù, pàápàá bó bá bọ́ sí ìparí.

Gbèsè méjì ló wà nígbà náà, ti èémí àti ti ètè, wọn ò sì dọ́gba. Èémí máa ń tètè padà bọ̀ sípò. Ẹ mí dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, carbon dioxide ti lọ. Ti ètè ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo padà sídìí Excel mi, mo ya òpó méjì sí i, mo sì ní kí ọ̀rẹ́ mi fi 1 dé 5 díwọ̀n orin kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kọ yà mí lẹ́nu. Ó fún Schumann ní 5 lórí èémí, 3 lórí ètè. Ó fún Britten ní 2 lórí èémí. Mo ní báwo? Ó ní nígbà tí kò sí ẹlòmíì tó ń dúró de òun, òun lè dúró mí bí òun bá ṣe fẹ́ láàárín ìlà. Ṣùgbọ́n 5 ló fún un lórí ètè. Poulenc gba 3 àti 5.

Ẹ wo ètò wa àkọ́kọ́ lójú yẹn: Britten 5, Poulenc 5, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, láìsí ìsinmi kankan láàárín.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a gbé Poulenc wá síwájú nígbà tí ẹnu ṣì tutù. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ìdárò ni kó gbẹ̀yìn, ó parí. Mo wá dábàá pé kí a mú Metamorphoses mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ó tún kọ̀, ó ní ìtàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, òun ò ní já ìwé ẹnì kan sí méjì nítorí pé ẹnu ń dun òun. Mo rò pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n kọ orin yẹn fún Joy Boughton ní 1951, orí omi adágún kan ní Thorpeness, nínú àjọ̀dún orin Aldeburgh, ló sì ti kọ́kọ́ fọn ọ́n níta gbangba, òun nìkan pẹ̀lú fèrè ẹ̀. Bí kò bá lè wà lódindi, kó má wà rárá. A yọ ọ́. Ó dùn mí, torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, ó sì tún jẹ́ ìsinmi mi.

Ó ku Schumann, Saint-Saëns àti Poulenc: 12, 12, 14. Ìṣẹ́jú 38 ti oboe dípò 52. Èwo ló máa ṣáájú?

Ọ̀rọ̀ òtútù ló dá a fún wa. Igi dúdú yẹn le, ṣùgbọ́n bí igi bá tutù, tí èèyàn wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná olómi sínú ẹ̀ lójijì, inú á fẹ̀, ẹ̀yìn ò ní fẹ̀, oboe olówó iyebíye á sì lè là. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí àwọn oníoboe tí wọ́n ń gbé orí fèrè wọn sábẹ́ apá bí ẹni ń ràdọ̀ bo ẹyin. Omi tún máa ń kóra jọ sínú ihò kéékèèké rẹ̀, ohùn á máa hó gọ́gọ́gọ́. Bébà tí wọ́n fi ń wé sìgá ni wọ́n fi ń fa omi náà. Ọ̀rẹ́ mi ò mu sìgá rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n bébà ẹ̀ kì í tán nínú àpótí oboe, ìyá ẹ̀ sì ti fi ìbínú bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan. Kókó ibẹ̀ ni pé orin àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń mú fèrè gbóná díẹ̀díẹ̀, tó sì ń fún èèyàn láyè láti nù ún. Saint-Saëns bá a mu. Ọmọ ọdún 85 ni nígbà tó kọ ọ́ ní 1921, pẹ̀lú méjì míì fún clarinet àti bassoon. Ó kú ní December ọdún yẹn ní Algiers. Àgbàlagbà tó mọ ohun tí èèyàn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ló kọ orin náà. Apá àkọ́kọ́ rọra ń rìn. Apá kejì bẹ̀rẹ̀, ó sì parí, pẹ̀lú ibi tí kò sí iye ìlù: èmi á tẹ kọ́ọ̀dù, òun á máa fọn ìlà tiẹ̀ bó ṣe wù ú, á mí níbi tó bá fẹ́. Iṣẹ́ píánò ò wúwo níbẹ̀, nítorí náà a lè gbọ́ ara wa, ká sì mọ̀ bóyá ohùn wa bára mu.

Bíbára mu yẹn náà, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá, oboe ló máa ń fún gbogbo èèyàn ní nótù A tí wọ́n fi ń yí ohun èlò wọn. Bó bá dé ọ̀dọ̀ píánò, ọba di ìránṣẹ́. Píánò ò ní yí padà fún ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ìró máa ń yára sí i bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná: bíi mítà 331 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní 0°C, kí ẹ sì fi 0.6 kún un fún ìwọ̀n °C kọ̀ọ̀kan. Ní 14°C, á tó bíi 340. Ní 24°C, bíi 346. Bí gbogbo afẹ́fẹ́ inú oboe bá tẹ̀ lé ti yàrá, fèrè tó ń fún wa ní 440 Hz ní February á fún wa ní bíi 448 ní June. Kì í tó bẹ́ẹ̀ tán, torí èémí ẹni tó ń fọn ọ́n ti mú inú fèrè gbóná tẹ́lẹ̀, ètè náà sì lè fà á wálẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ẹ tún wo píánò: bí ooru bá mú wáyà irin, ó máa ń gùn sí i, á dẹ̀, ohùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀. Oboe ń gòkè, píánò ń sọ̀ kalẹ̀, ètè tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa wá so wọ́n pọ̀. Ohun tí a rí ṣe sí i ò ju pé kí a bẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ń yí píánò wá ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ọ̀rẹ́ mi sì gbé ríìdì tó gùn díẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ dání, torí bí páìpù bá ṣe gùn tó ni ohùn ń lọ sílẹ̀ tó.

Schumann bọ́ sí ipò kejì. Èmi dìde lẹ́yìn Saint-Saëns, mo bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má fojú di ọ̀rọ̀ àárín orin o. Àwọn èrò rò pé ìtàn Clara ni mò ń sọ fún wọn. Èémí ni mò ń rà fún ọ̀rẹ́ mi. Fún Schumann fúnra ẹ̀, a mú pẹ́ńsù, a fi àmì méjì sí ìwé orin: ọfà tó kọjú sókè fún mímí síta, èyí tó kọjú sílẹ̀ fún mímí sínú. Àwọn ibì kan wà tí ọ̀kan ṣoṣo wà, síta nìkan. Á tú èyí tó ti bàjẹ́ dànù, á fi ìwọ̀nba tó kù fọn ìlà tó kàn, ìgbà tó bá ṣe díẹ̀ ló máa tó mí sínú. Gbogbo àmì yẹn ni mo kọ sínú ìwé tèmi náà. Ibi tí ọfà bá wà, ọwọ́ mi á fa díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò wo ọfà mọ́, èmi náà ti ń mí pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ̀gàn kan tí mo ní sí Romances yìí ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní A: A minor, A major, A minor, kò sì sí èyí tó yára nínú wọn. Bí ẹ bá tún fi orin jẹ́jẹ́ míì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, oorun ló kù. Poulenc ò sì lè tẹ̀ lé e tààrà.

Ibí ni píánò ti gbọ́dọ̀ dá wà. Mo ní láti rí orin tí kì í fà, tó ní egungun, tó máa fọ etí àwọn èèyàn. Etí máa ń sú fún ohùn kan náà. Ohùn oboe lágbára ní àyíká 1000 Hz àti 3000 Hz, ibi kejì yìí sì ni etí èèyàn ti ń gbọ́ jù. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dún ketekete lórí píánò tó tóbi jù ú lọ, ìdí náà nìyẹn tó fi lè dá etí lágara bí kò bá sinmi. Mo mú díẹ̀ nínú Scenes from Traditional Life ti Akin Euba, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1935, ẹni tó gbé èrò kan jáde tó pè ní African pianism: kí píánò máa ṣe bí ìlù àti agogo, kó má kàn máa kọrin ṣáá. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé a ò gé Britten. Ẹ dárí jì mí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló kù fún mi. Lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì nípa bàbá olùkọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lápapọ̀ tí ètè ò ní fọwọ́ kan ríìdì. Ní àkókò yẹn, ọ̀rẹ́ mi á mu omi, á nu inú fèrè, á fi ríìdì kejì sínú omi kó rọ̀. Ríìdì kejì yẹn, Poulenc nìkan ló wà fún. Kò lè dún sókè púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí ló nílò láti jí.

Saint-Saëns 12, ọ̀rọ̀ 2, Schumann 12, Euba àti ọ̀rọ̀ 8, Poulenc 14. Ó jẹ́ 48.

Ní June, èrò kún ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ mi kà 24°C gẹ́lẹ́, mo fi han ọ̀rẹ́ mi, ó ní kí n gbé nǹkan náà kúrò níwájú òun. Nínú Romance kẹta ó gbàgbé ọfà kan, mo rí i tí èjìká ẹ̀ gbé sókè, mo fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó rí àyè mí. Nígbà tí mò ń lu Euba, obìnrin àgbàlagbà kan níwájú ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sì bá ìlù mu rárá, díẹ̀ ló kù kó já mi.

Ní Déploration, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn pẹ́ kó tó jáde. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀, òun náà mọ̀. Mo dúró dè é. Ó jáde. Ó tín-ín-rín, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ìparí. Kò sẹ́ni tó tètè pàtẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi yọ ríìdì náà lórí fèrè, ó nù ún, ó dá a padà sínú àpótí ẹ̀ kékeré, ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè wo àwọn èèyàn.

Mo wo aago nígbà tí a jáde síta. Ìṣẹ́jú 51. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa bàbá olùkọ́ ló gùn jù.